Ṣé Ọ̀ràn Lè Wà Láìsí Ọ̀daràn?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ kan wà ní Ìlú Ọba tí gbogbo ilé ti ń jà lórí orúkọ rẹ̀ láti ohun tó lé ní ogójì ọdún. Àwọn kan ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò ni kí á máa pè é. Àwọn kan ní irọ́ ni, ọmọ náà ti kú tipẹ́, àwọn tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ kàn ń wá ìjà ni. Ẹgbẹ́ kẹta sì wà tí wọ́n gbà pé ọmọ náà wà láàyè, wọ́n rí i, wọ́n mọ ohun tó ń bà jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní fi ẹnu àwọn pe orúkọ náà láéláé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìjà orúkọ lásán ni. Àrùn tí a bá ní kò sí, ta ni yóò wá oògùn rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà sì kan ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham, ní Woolwich àti ní Manchester gbọ̀ngbọ̀n. Bí kò bá kan ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó kan àbúrò yín, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bàálù lọ ní èṣí.

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí ìgbìmọ̀ tí Tony Sewell jẹ́ alága rẹ̀ kọ. Ẹ ó rántí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọlọ́pàá kan ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà fi orúnkún tẹ ọrùn George Floyd títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ayé, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Bristol. Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, wá yan ìgbìmọ̀ yìí ní oṣù keje ọdún náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ kì í ṣe òyìnbó. Sewell fúnra rẹ̀, Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021 ni ìwé wọn jáde. Ojú ewé rẹ̀ lé ní 250, àmọ̀ràn 24 ló sì wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ariwo ti ta. Kí oṣù kẹrin tó parí, àwọn ọ̀mọ̀wé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ti Sewell ná.

Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà mọ́ rárá. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn kò ka ìwé náà dé ibì kan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ ìka kò dọ́gba, àti pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ìka kan bá kúrú ni a lè sọ pé ẹnìkan ló gé e. Wọ́n ní àdúgbò tí ènìyàn ń gbé, owó tó wà lọ́wọ́ òbí rẹ̀, bí ilé tó ti jáde ṣe rí, àṣà àti ẹ̀sìn rẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí máa ń ṣàkóso ìgbésí ayé rẹ̀ ju ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ. Wọ́n ní kí á má di gbogbo aláwọ̀ dúdú mọ́ ìtí kan. Nínú ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún 16 ń ṣe, àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Áfíríkà wá kì í sábà wà lẹ́yìn òyìnbó. Àwọn tí òbí wọn ti erékùṣù Káríbíánì wá ló ń rẹ̀yìn. Àwọn ọmọ Íńdíà àti Ṣáínà ń ṣáájú òyìnbó pàápàá. Àwọn ọmọ òyìnbó tó jẹ́ tálákà sì wà tí gbogbo ayé ti gbàgbé. Bó bá ṣe pé àwọ̀ nìkan ló ń ṣe é, báwo ni yóò ṣe rí bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò fẹ́ mọ òótọ́. Ibi tí ìwé yìí ti dára jù nìyẹn, a sì kí wọn kú iṣẹ́.

Ibo ló ti wá ṣìnà? Ó ṣìnà nídìí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: mọ̀ọ́mọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, Sewell sọ pé àwọn kò rí Ìlú Ọba kan mọ́ tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ to ètò rẹ̀ kí ó lè pa àwọn ẹ̀yà kéékèèké lára. Gbólóhùn yìí ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé, òun náà sì ni àwọn olóṣèlú dì mú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí inú ìwé kan náà, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò ni ìlànà, òfin, ìṣesí tàbí ìhùwàsí tó ń ṣe ojúsàájú, tó so kọ́ra láti iléeṣẹ́ kan dé èkejì tàbí káàkiri àwùjọ. Ṣé ẹ rí mọ̀ọ́mọ̀ níbẹ̀? Kò sí i níbẹ̀. Ìtumọ̀ kan ni wọ́n kọ sínú ìwé, òmíràn ni wọ́n fi dájọ́. Hàbà! Ẹni tó fi òṣùwọ̀n kan ra gàrí, tó wá fi òmíràn tà á, kí là ń pè é lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fa wàhálà. Ní ọdún 1967, Stokely Carmichael àti Charles Hamilton ní Amẹ́ríkà kọ ìwé kan tí wọ́n ti pín ẹlẹ́yàmẹ̀yà sí oríṣi méjì. Wọ́n mú ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1963, àwọn ìkà ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ọmọdébìnrin mẹ́rin kú. Gbogbo ayé bú wọn. Ṣùgbọ́n ní ìlú kan náà, àwọn òǹkọ̀wé yìí ní, ọmọ ọwọ́ dúdú 500 ló ń kú lọ́dọọdún nítorí àìsí oúnjẹ gidi, ilé gidi àti ìtọ́jú gidi. Ta ló ju bọ́ǹbù ìyẹn? Kò sẹ́ni tó jù ú, kò sì sẹ́ni tí ọlọ́pàá mú.

Ní ọdún 1981, lẹ́yìn rògbòdìyàn Brixton, adájọ́ Scarman ní kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò ní Ìlú Ọba bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a ń wí ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe òfin. Ó fi kún un pé bó bá jẹ́ àìmọ̀ọ́mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Àwọn ènìyàn gbọ́ ìlàjì àkọ́kọ́, wọ́n fi ìlàjì kejì sílẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1993, àwọn ọmọ òyìnbó kan gún Stephen Lawrence, ọmọ ọdún 18, lọ́bẹ nídìí ibùdókọ̀ kan ní Eltham, ó sì kú. Ọlọ́pàá fọwọ́ hẹ ẹjọ́ náà. Ọdún 2012 ni wọ́n tó dẹ́bi fún méjì nínú àwọn tó pa á. Ìdí rẹ̀ ni adájọ́ Macpherson ṣe ṣe ìwádìí tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1999. Ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú iléeṣẹ́ ni kí gbogbo iléeṣẹ́ lápapọ̀ kùnà láti ṣe fún ènìyàn bó ṣe yẹ nítorí àwọ̀, àṣà tàbí ẹ̀yà rẹ̀. Ó sì lè wá láti inú àìmọ̀, àìronú jinlẹ̀ àti èrò tí a ti ní tẹ́lẹ̀ nípa irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó yọ mọ̀ọ́mọ̀ kúrò. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé Sewell ti tún un gbé wá.

Kí ló fà á tí yíyọ rẹ̀ fi tọ́? Ẹ jẹ́ kí á fi ilé alájùmọ̀gbé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ilé náà ní yàrá mẹ́wàá. Nígbà tí bàbá onílé ń kọ́ ọ, kò ro ti ẹni tí yóò gbé yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ló kọ gbogbo òṣòòrò orí ilé sí. Bàbá náà ti kú láti ogún ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gba owó ilé jẹ́ ọmọlúwàbí. Àwọn ayálégbé yòókù ń kí Bàbá Ìsàlẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, yàrá kan náà lomi ń wọ̀, ẹni kan náà ni ẹní rẹ̀ ń rin gbingbin. Lọ́jọ́ tó figbe ta, wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n bi yàrá kọ̀ọ̀kan léèrè: "Ṣé o kórìíra Bàbá Ìsàlẹ̀?" Gbogbo wọ́n búra pé rárá o. Alága ìpàdé dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun. A ti wádìí, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ da omi sí yàrá ẹnikẹ́ni nílé yìí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹní gbẹ?

Ohun tí a fi ń dán ètò wò nìyẹn. Ẹ mú gbogbo ènìyàn burúkú kúrò, ẹ fi ènìyàn rere dípò wọn. Bí omi bá ṣì ń wọ yàrá kan náà, ètò ló ni ẹ̀bi.

Ẹ̀rí kò sì jìnnà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Windrush tó ti wà nílẹ̀ kí ìgbìmọ̀ Sewell tó jókòó. Láti ọdún 1948 tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush ti gúnlẹ̀ sí Tilbury ni àwọn ará Káríbíánì ti ń wọ Ìlú Ọba ní ìbámu pẹ̀lú òfin. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló wọlé lórí ìwé ìrìnnà òbí wọn. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ní kí ẹni tó ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ máa gbé lọ; kò fún wọn ní ìwé kankan. Ní ọdún 2010, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò da káàdì tí wọ́n fi wọ̀lú nù. Ní ọdún 2014 àti 2016, òfin mìíràn dé: kí onílé, agbanisíṣẹ́ àti báǹkì máa bèèrè ìwé. Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, kò sí ibi tí a ti kọ ọ̀rọ̀ dúdú tàbí funfun. Ṣùgbọ́n àwọn wo lomi ya lù? Àwọn arúgbó dúdú tó ti ṣiṣẹ́ tó ti san owó orí fún ogójì ọdún. Wọ́n pàdánù iṣẹ́, wọ́n pàdánù ilé, wọ́n ti àwọn kan mọ́lé, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ka ènìyàn 83, ó kéré tán, tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lé kúrò nílùú láìtọ́. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kẹrin ọdún 2018, mínísítà tó wà nídìí rẹ̀, Amber Rudd, fi ipò sílẹ̀. Wọ́n dá owó ìtanràn sílẹ̀ fún wọn ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú kí owó tó dé. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Wendy Williams tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọdún 2020 kò fi gbogbo ẹnu pè é ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú iléeṣẹ́. Ó ní àìmọ̀ àti àìronú iléeṣẹ́ náà nípa ẹ̀yà bá apá kan ìtumọ̀ Macpherson mu. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó nílò ìkórìíra kí ohun gbogbo tó bàjẹ́.

Òfin tí ó ní kí onílé yẹ ìwé ayálégbé wò ńkọ́? Bí onílé bá gba ẹni tí kò ní ìwé, ó di owó ìtanràn. Kí ni onílé yóò ṣe? Yóò wá ẹni tí orúkọ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ kò ní í fa wàhálà. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé òfin náà ń mú kí àwọn onílé máa ṣe ojúsàájú. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ó ní òfin náà tọ́. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ náà gbà pé ojúsàájú ń ti ibẹ̀ wá. Onílé náà lè má kórìíra Adébáyọ̀ rárá. Ẹ̀rù ìtanràn ló ń bà á.

Tàbí kí á wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka aláìsàn láti mọ̀ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ẹran ara kọjá, àwọ̀ ara sì ń nípa lórí ìmọ́lẹ̀. Ìwádìí kan tí àwọn dókítà gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé àìtó atẹ́gùn tí ẹ̀rọ yìí kò rí lára aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ọdún ikú Kòrónà nìyẹn o! Ṣé ẹ̀rọ lè kórìíra ènìyàn? Kò lè ṣe é. Àwọn tó fi dán an wò nígbà tí wọ́n ń ṣe é ni kò ní àwọ̀ tiwa tó pọ̀ tó.

Èyí tó wá kan Yorùbá jù ni ti orúkọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn olùwádìí Nuffield College ní Oxford gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ tó lé ní 3,000 ránṣẹ́ sí àwọn agbanisíṣẹ́: ẹ̀kọ́ kan náà, ìrírí kan náà, ìlú tí orúkọ ti wá nìkan ló yàtọ̀. Lápapọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó Ìlú Ọba ní láti kọ ìwé tó fi ìdá 60 nínú 100 ju ti òyìnbó lọ kó tó rí èsì rere kan náà. Ti ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ìdá 80. Ká sọ ọ́ lọ́rọ̀ ọjà: níbi tí òyìnbó bá ti kọ ìwé mẹ́wàá, kí ọmọ wa kọ méjìdínlógún. Wọ́n tún ní ojúsàájú sí àwọn dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù sí ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ìwé Sewell kò sẹ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ó ní irú ìdánwò yìí kò lè sọ bó ṣe gbilẹ̀ tó nínú ìgbésí ayé ojoojúmọ́. Ìwé ìwáṣẹ́ kì í ha ṣe ìgbésí ayé ojoojúmọ́?

Ní báyìí, a padà sí ìbéèrè ńlá tí wọ́n bi wá: bí ètò bá burú tó bẹ́ẹ̀, báwo ni ọmọ Nàìjíríà ṣe ń gbégbá orókè? Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Èkó, ló jẹ́ mínísítà tó ń rí sí ìdọ́gba nígbà tí ìwé náà jáde. Ó ti sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 2020 pé Ìlú Ọba wà lára àwọn ibi tó dára jù láyé fún ènìyàn dúdú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative. Ìyẹn kò ha tó ẹ̀rí?

Ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kí ni? Ẹ padà sí ilé alájùmọ̀gbé wa. Bí Bàbá Ìsàlẹ̀ bá ra búlọ́ọ̀kù, tó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé e, tó kó àpò yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ẹní rẹ̀ lè gbẹ ju ti gbogbo ilé lọ. Orí rẹ̀ pé, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n òṣòòrò ṣì kọjú síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó dé Ìlú Ọba ti kàwé kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù tiwọn dání láti ilé. Ọmọ wọn gba ipò kìíní nílé ìwé, ó dára. Ọmọ kan náà ló wá ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ méjìdínlógún. Ẹni tó gun òkè kò sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ ṣàì bá ẹgbẹ́ kejì wí náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí aláwọ̀ dúdú, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ọmọ kò kàwé, ó féèlì, ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Sewell rí tó fi rí ibi gbá mú. Bí gbogbo omi inú ilé bá ti di omi òṣòòrò, títí kan èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ dà, kò ní sí ẹni tí yóò gun àkàbà lọ wo orí ilé mọ́. Ẹni tó bá pe orúkọ yìí gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ sọ ibi tí òṣòòrò wà: òfin wo, fọ́ọ̀mù wo, ẹ̀rọ wo? Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nítorí pé àwọn kan ń ṣi orúkọ náà lò kọ́ ni kí á sọ ọ́ nù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2023. Louise Casey parí ìwádìí lórí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò iléeṣẹ́ náà, ọdún 24 lẹ́yìn tí Macpherson ti sọ ọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá, Mark Rowley, gbà pé àwọn ohun tí Casey rí wà níbẹ̀, ó sì ní ó dun òun. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní lo ọ̀rọ̀ náà, pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò dá ṣáká, pé òṣèlú ti wọ̀ ọ́. Ṣé a lè dá a lẹ́bi pátápátá? Nígbà tí ìwé ìjọba bá ti fi mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́rùn, ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan yóò rò pé òun ni wọ́n ń pè ní ìkà. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀ dípò kó wo òrùlé. Àbùkù tí ìwé Sewell fi sílẹ̀ nìyẹn, ó sì burú ju àṣìṣe inú ìṣirò lọ.

Ìdájọ́ wa ni pé ìwé náà yẹ ní kíkà, pàápàá fún àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó kọ́ wa láti má ṣe da gbogbo ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n lórí ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ yàn wọ́n, ọ̀daràn ni wọ́n wá lọ. Ọ̀daràn ni wọn kò rí. Wọ́n wá fi ẹnu ara wọn dárúkọ pé kò sí ọ̀ràn. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò wà ní Ìlú Ọba lónìí. Kò sí níbi gbogbo, kì í sì í ṣe òun ló ń fa gbogbo ìyà. Ó wà níbi tí a bá ti lè fi ọwọ́ sọ ọ́ nínú ìwé òfin, nínú fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ àti lára ẹ̀rọ dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará lókè òkun, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí orúkọ tí a sọ ọmọ sú wọn. Kí wọ́n tọ́jú gbogbo ìwé tí ìjọba bá fún wọn àti ẹ̀dà ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n bá kọ, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi wọ́n pé ibo ni omi ti wọlé, ìwé ni wọn yóò fi dáhùn.